Ọmọ Kan Ṣoṣo Tó Ń Sanra Ládùúgbò

Láti ìgbà tí òjò ti kọ̀ tí kò rọ̀ mọ́, tí ogun sì dí ọ̀nà tí ọkọ̀ oúnjẹ ń gbà wọ̀lú, kò sí ẹni tó tún gbé aṣọ tuntun wá fún aránṣọ. Aṣọ tí wọ́n fẹ́ dín kù ló kù tí wọ́n ń gbé wá. Ẹni tí yẹ̀rì rẹ̀ ń yọ́ bọ́ nídìí á dé, ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ kò dúró mọ́ àfi bó bá fọwọ́ dì í mú, òun náà á dé. Aránṣọ á tú ojú rírán, á gé díẹ̀ kúrò, á tún un rán. Kò ní pẹ́ tí onítọ̀hún á tún fi padà wá pé ó ti tún ń yọ́. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti sọ fún obìnrin náà ibi tí ọ̀wọ́n gógó bá àdúgbò dé. Àjákù aṣọ tó ń gbá kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ti sọ ọ́ fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi abẹ tú ojú rírán ṣòkòtò kékeré kan. Fífẹ̀ ló fẹ́ fẹ èyí. Ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ obìnrin ni, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, ó sì ti fún un pinpin lọ́rùn ẹsẹ̀ débi pé ó fa ìlà sí i lára.

Ọmọ náà jókòó tì í lórí ẹní. Eṣinṣin kan bà lé e lórúnkún, ó tẹjú mọ́ ọn, kò lé e. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kún. Rọ̀bọ̀tọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé e jó. Wọ́n ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í rẹ́rìn-ín mọ́, wọn kì í sì í gbé e.

Aránṣọ fi téèpù yí ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ ká, ó wo ibi tó dé, inú rẹ̀ dùn. Ẹ má bá a wí. Ẹni tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni téèpù ń sọ fún un pé ènìyàn ń dín, bó bá rí ibì kan ṣoṣo tí téèpù ti ní ènìyàn ń pọ̀, ṣé kò ní yọ̀ ni? Ṣùgbọ́n bí inú rẹ̀ ti ń dùn náà ni ohun kan ń rìn ín lọ́kàn. Obìnrin náà fẹ́ràn ìtọpinpin. Ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé bí wọ́n bá gbé òkú kọjá, ìyàwó òun á fẹ́ mọ ẹni tó rán aṣọ tí òkú wọ̀. Ohun tó ń rìn ín lọ́kàn ni pé, kí ni ọmọ yìí ń jẹ gan-an?

Ìyá Oníyọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ó ń ta iyọ̀ níwájú ilé kejì sí wọn, ó sì ju aránṣọ lọ lọ́jọ́ orí dáadáa. Yẹ̀rì kan náà tó ti gbé wá ṣáájú ló tún gbé dání.

“Aránṣọ, o kú iṣẹ́ o.”

“Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ó tún ń yọ́ ni?”

“Ó ń yọ́ kẹ̀? Ó bọ́ ni! Lójú ọ̀nà omi, pẹ̀lú garawa lórí mi, n kò lè fọwọ́ mú un. Ọpẹ́lọpẹ́ pé obìnrin nìkan ló wà níbẹ̀.”

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ fi sílẹ̀, mà. Bí a bá tún dín in kù lẹ́ẹ̀kan sí i, èyí tí a gé kúrò á tó rán fìlà fún bàbá nílé.”

Ìyá Oníyọ̀ náà ń rẹ́rìn-ín. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sára ṣòkòtò kékeré tó wà lórí ẹsẹ̀ aránṣọ, ẹ̀rín náà sì lọ.

“Kí lo ń ṣe síyẹn?”

“Mò ń fẹ̀ ẹ́ ni, mà. Ó ti fún un.”

“O ń fẹ̀ ẹ́.”

“Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò wọ̀ ọ́ mọ́.”

Ìyá Oníyọ̀ wo ẹsẹ̀ náà. Ó wò ó pẹ́. “Gbogbo àdúgbò ń dín kù,” ló wí, “ìwọ ń fẹ̀.”

Ìyá Oníyọ̀ fa àpótí ìjókòó, ó jókòó, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kò dùn mọ́ òun náà.

“N kò lè fi ẹ̀jẹ̀ sínú kí n máa tu itọ́ funfun. Àwọn aláàánú tó ń pín oúnjẹ ń bọ̀ ní ọgbà ilé-ìwé lónìí. Wọ́n ní kí Baba Onífèrè tọ́ka sí àwọn ilé tí kò ní nǹkan kan mọ́. A jókòó lé e lórí lánàá. Kò sí ẹni tó dárúkọ ilé yín.”

“Háà! Nítorí kí ni, mà?”

“Wo ọmọ yín.”

“Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kò ní nǹkan kan. Ẹ ò rí ọkọ mi bó ṣe ń rìn kiri?”

“N kò ní kí ẹ má fi nǹkan pamọ́ o. Bí mo bá ní, èmi náà á fi pamọ́. Ṣùgbọ́n a kì í jẹ ẹ́ ní yàrá ká tún jáde wá tọrọ rẹ̀ níta.” Ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. “Dín yẹ̀rì mi kù dáadáa. N ó wọ̀ ọ́ lọ.”

Ó lọ. Aránṣọ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́. Ẹnu ayé kò ní ìlẹ̀kùn tí èèyàn lè tì. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ṣùgbọ́n èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ìbéèrè tí Ìyá Oníyọ̀ ń bi í gan-an ni òun náà ń bi ara rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ wọlé nígbà tí oòrùn ti mú. Káfíńtà ni. Ó gbé ayùn rẹ̀ ńlá jáde láàárọ̀, kò gbé e bọ̀. Ìyẹ̀fun tó rí gbà dípò rẹ̀ wà nínú áńkáṣíìfù tó so ní kókó, kókó náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju ìyẹ̀fun inú rẹ̀ lọ.

“Àwọn oníbọn tún ti dá ọkọ̀ padà lójú ọ̀nà,” ó wí, ó sọ áńkáṣíìfù náà sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. “Ẹni tó sọ ọ́ kò tíì pa ẹnu dé tí iye owó ìyẹ̀fun fi fò sókè. Mo dúró, mò ń nájà, ó tún fò lójú mi báyìí.”

“Ẹ kú ìrìn.” Aránṣọ sọ ohun tí Ìyá Oníyọ̀ wí fún un, kò fi ìkankan pamọ́.

Káfíńtà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọmọ lórí ẹní, ó wò ó bí ìgbà tí kò rí i rí. “Àbí òótọ́ ni?”

“Òótọ́ kí ni?”

“Àwọn oníbàárà rẹ. Ṣé kò sí ẹni tó ń fi oúnjẹ san owó aṣọ fún ọ?”

Bí ìjà ṣe bẹ́ nìyẹn. Aránṣọ dìde fùú, ṣòkòtò já bọ́ nílẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ wá yẹ abẹ́ ẹ̀rọ wò! Ẹ yẹ inú àpò òwú wò! Èmi ni n ó máa jẹun lẹ́yìn yín nínú ilé yìí?”

“N kò ní o ń jẹ ẹ́. Mo ní o ń fún ọmọ.”

“Tí mo bá ń fún un, ṣé n ó máa fi ojú ara mi wá ẹni tó ń fún un? Kì í ṣe èmi. Kì í ṣe ẹ̀yin. Mélòó la kù nínú ilé?”

Ọ̀rọ̀ ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Láti inú yàrá, ohùn ìyá ọkọ rẹ̀ jáde, ó rọ̀, kò sì gbọ̀n.

“Mo gbọ́ o. Etí mi kò tíì di. Ẹ wá ṣí àpótí mi.”

“Màmá, kò le tó bẹ́ẹ̀,” ni ọkọ rẹ̀ wí.

“Mo ní ẹ wá ṣí i.”

Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn, á kúnlẹ̀ fún ìyá náà, á ní “Ẹ má bínú, mà,” ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Bí aránṣọ ti ń sọ “Ẹ má bínú, mà” náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e wọlé. Ó kúnlẹ̀ níwájú àpótí onígi tó wà lábẹ́ ibùsùn, ó ṣí i. Aṣọ kan wà nínú rẹ̀, èyí tí ìyá náà ti ní kí wọ́n fi sin òun bí ọjọ́ bá pé. Ọṣẹ kan wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì tú ìwé lára rẹ̀. Lábẹ́ aṣọ náà ni ó ti rí abọ́ kékeré kan, ìyẹ̀fun pípò gbẹ mọ́ ọn létí.

“Màmá, abọ́ yìí ńkọ́?”

“Abọ́ mi ni.”

“Kí ló dé tó fi wà nínú àpótí?”

Ìyá náà yí ojú sí ògiri. “Ìpín mi ni mo máa ń bù sínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti fún mi tán tí ẹ jáde, èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ máa ń jẹ ẹ́.” Ọmọ lórí ẹní ni ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Ẹ jọ máa ń jẹ ẹ́, Màmá?”

“Ó ń jẹ, mò ń wò ó. Wíwò náà, oúnjẹ ni.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ìwọ ọmọ yìí, ìbéèrè rẹ pọ̀ jù. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. N kò sì lágbára àtiru igbá mọ́.”

Káfíńtà ti jókòó sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń fi èékánná họ kókó kan lára igi. Aránṣọ tún aṣọ òkú náà ká, ó to ọṣẹ lé e lórí, ó dé àpótí. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ohun tí wọ́n ń wá nínú ilé ti hàn, ìyá tí wọ́n fura sí ló sì ń febi pa ara rẹ̀ fún ọmọ wọn.

Síbẹ̀, ìbéèrè náà kò lọ. Aránṣọ mọ bí wọ́n ṣe ń po oúnjẹ náà, òun ló ń pò ó: ìyẹ̀fun díẹ̀, omi púpọ̀. Òun ni láàárọ̀, òun ni lálẹ́. Kò sí ẹja, kò sí ẹran, ẹ̀wà ti di ohun tí wọ́n ń fẹnu lásán pè. Ìpín àgbàlagbà kan nínú omi funfun yẹn, ṣé ó lè sọ ọmọ di rọ̀bọ̀tọ̀?

Ó sọ ọ́ síta.

“Orí ọmọ ló dára,” ni ọkọ rẹ̀ wí láìyíjú padà. “Má fi ìbéèrè lé ire lọ.”

Ìgbà náà ni fèrè dún lójú títì. Baba Onífèrè, olórí àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò, ló ń pe gbogbo ènìyàn sí ọgbà ilé-ìwé. Káfíńtà bọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì.

“Fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá,” ó wí. “Ìwọ nìkan ni kí o lọ. Bí wọ́n bá rí i, ọ̀rọ̀ ti parí.”

“Kó pọ̀n ọ́n, kó da aṣọ bò ó,” ni ìyá rẹ̀ wí.

“Ọmọ mi kì í ṣe ẹrù olè,” aránṣọ dá wọn lóhùn. “N ó gbé e lọ báyìí. Mo fẹ́ bi wọ́n.”

“O fẹ́ bi wọ́n ní kí ni?”

“Ohun tó ń mú un sanra.”

Káfíńtà pàtẹ́wọ́. “Ẹ bá mi wo ẹni tí ebi ń pa tó ń wádìí ẹni tó yó! Bí wọ́n bá lé wa nítorí ìtọpinpin rẹ, ká má gbọ́ pé mo wà níbẹ̀. N kò lọ.” Kò sì lọ. Ìyá rẹ̀ ló wá ọ̀pá rẹ̀, tó tẹ̀lé ìyàwó, wọ́n ń rìn pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ibòòji wà.

Ọgbà ilé-ìwé ti kún. Wọ́n ti kó bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ jáde láti inú kíláàsì, àwọn ìyá sì jókòó sórí wọn. Ọkọ̀ funfun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì dúró létí rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.

“Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá wa,” ó wí. “Ọkọ̀ ńlá tó kó àpò oúnjẹ ṣì wà ní oríta. Wọn kò jẹ́ kó kọjá. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa lónìí, ti àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni.”

Ariwo sọ. Ọkùnrin kan ní ṣé ikùn àgbàlagbà ni wọ́n fi igi ṣe. Obìnrin kan ní òun ti ń rìn bọ̀ láti ìdájí. Nọ́ọ̀sì dúró, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí òun ló wà níbẹ̀ tí wọ́n lè pariwo mọ́. Àwọn tó dá ọkọ̀ dúró sí oríta kò sí níbẹ̀. Irú wọn kì í sí níbi tí ebi bá wà. Wọ́n á jẹun tán kí wọ́n tó gbé ìbọn, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò san án.

Baba Onífèrè bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ilé tí wọ́n yàn sórí ìlà. Aránṣọ kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti sún mọ́ iwájú díẹ̀ díẹ̀, nítorí ó ti rí ohun tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Téèpù ni. Ó kúrú, ó rí pẹlẹbẹ, apá kan rẹ̀ pupa, àárín rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, apá kejì jẹ́ àwọ̀ ewé.

“Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì,” ó wí, “n kò rí ínǹṣì lára rẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń kà á?”

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè. “Àwọ̀ la ń wò, mà. Apá òkè ọmọ la ń fi í yí ká. Bó bá bọ́ sí pupa, ọmọ náà nílò wa kíákíá.”

Aránṣọ dúró, ó ń wò. Ó ti fi téèpù wọn ìyàwó tó fẹ́ lọ sílé ọkọ, ó ti fi wọn òkú, kò rí irú èyí rí. Wọ́n fi yí apá ọmọ kan, ó bọ́ sí yẹ́lò. Wọ́n fi yí ti èkejì, ó bọ́ sí pupa, ìyá rẹ̀ sì kígbe pé “Ọpẹ́ o!” Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà gbọ́ ohun tí òun sọ, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Ó kan Ìyá Oníyọ̀, tó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lẹ́sẹ̀. Yẹ́lò ni.

“Fà á díẹ̀ sí i,” Ìyá Oníyọ̀ bẹ̀ ẹ́. “Ọmọ mi, jọ̀wọ́, fà á le díẹ̀.”

“Bí mo bá fà á, mà, irọ́ ni mo pa.” Nọ́ọ̀sì fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó fi sílẹ̀. Bó ti ń ṣe sí gbogbo wọn nìyẹn, lẹ́yìn apá, ẹsẹ̀. Ó bu oúnjẹ inú ọ̀rá díẹ̀ fún Ìyá Oníyọ̀, ó ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí aránṣọ ti gbé ọmọ rẹ̀ síwájú ni Baba Onífèrè na ọwọ́. “Ilé yìí kọ́.”

“Rọ̀bọ̀tọ̀ dé!” ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ayọ̀ nínú.

“Gbogbo ọmọ ni mò ń wò, bàbá,” ni nọ́ọ̀sì wí. Ó fi téèpù yí apá ọmọ. Àwọ̀ ewé.

“A ò wí bẹ́ẹ̀?” ni Baba Onífèrè sọ.

Nọ́ọ̀sì di ẹsẹ̀ ọmọ mú, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ẹ́ lórí, ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń ka nǹkan nínú. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ihò méjì ló kù níbẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi ìka tẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n pò. Aránṣọ dúró kí ẹran padà sípò rẹ̀. Kò padà.

Nọ́ọ̀sì tẹ ojúgun, bákan náà ni. Ó fọwọ́ pa irun ọmọ, èyí tó ti di pupa tó sì fẹ́lẹ́. “Kì í fi bẹ́ẹ̀ sunkún mọ́, àbí?”

“Ọmọ jẹ́jẹ́ ni.”

“Ṣé ó ń mu ọmú?”

“Mo ti já a.”

“Kí ló ń jẹ?”

“Ìyẹ̀fun tí a fi omi gbígbóná pò. Tirẹ̀, àti ìpín ìyá ọkọ mi. Màmá ló ń fi tiwọn bọ́ ọ, èmi gan-an kò mọ̀ títí di òní.” Ó sọ ọ́ ketekete, gbogbo àwọn tó wà nítòsí gbọ́. “Nọ́ọ̀sì, kí ni ihò yẹn?”

“Omi ni, mà.”

“Omi báwo?”

“Ìyẹ̀fun nìkan kò tó ara ọmọ. Omi ló wà níbi tó yẹ kí ẹran wà. Ó ti pẹ́ tí ebi ti ń pa ọmọ yìí.”

“Ṣùgbọ́n ó ń sanra.”

“Kò sanra, mà. Ó wú ni. Téèpù kò lè rí irú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹ ẹsẹ̀. Bí a bá fi sílẹ̀ báyìí, a lè pàdánù rẹ̀.”

Aránṣọ wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn. “Ebi ń wú lábẹ́ ọwọ́ mi,” ni aránṣọ wí, “mo ń fẹ ṣòkòtò fún un.” Ó dùn ún wọ eegun. Ó bínú sí ara rẹ̀, ó bínú sí téèpù tó fi kọ́rùn, ó bínú sí gbogbo ẹni tó pe ọmọ náà ní Rọ̀bọ̀tọ̀, òun náà sì ti pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá Oníyọ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀ lé orúnkún, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ti tẹ̀ ẹ́, ó gbé e kúrò, ó ń wò. Obìnrin tó jókòó tì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì fi tẹ̀ba, tí wọ́n ń tẹ ẹsẹ̀ ọmọ, tí wọ́n ń retí. Ìyá Oníyọ̀ kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aránṣọ. Ó tẹ ẹsẹ̀ kejì.

“Ọkọ̀ yìí ló máa gbé e lọ sí ọsibítù báyìí,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ẹnì kan ló lè tẹ̀lé e, ìyá rẹ̀. Ibùsùn wà fún ìyá, wọ́n á sì máa fún òun náà lóúnjẹ níbẹ̀ títí ara ọmọ yóò fi yá. Ẹ yára múra, mà.”

Aránṣọ gbé ọmọ kọ́ èjìká, ó yíjú láti sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá náà ti jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ìró rẹ̀ ká sókè díẹ̀. Aránṣọ dúró. Ó kúnlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ìyá náà.

“Kí lo ń wá níbẹ̀?”

Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ihò náà dúró síbẹ̀. Ó tẹ ibòmíràn, òun náà dúró.

“Nọ́ọ̀sì!”

Nọ́ọ̀sì wá, ó wò ó. Ó wò ó tán, ó gbójú kúrò. “Mo rí i, mà. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ti ọmọdé ni.”

“Ti àgbà ńkọ́?”

“Ọkọ̀ ńlá yẹn ló kó o.”

“Ìgbà wo ló ń bọ̀?”

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ọ̀nà oríta.

“Ẹsẹ̀ àgbà máa ń wú,” ni ìyá náà wí, ó fa ìró rẹ̀ bò ó. “Ọjọ́ orí ni. Dìde, wọ́n ń dúró dè ọ́.”

Awakọ̀ ti ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin náà ga, ó ń kánjú kí ilẹ̀ má ṣú bá wọn lójú ọ̀nà. “Èwo ni ìyá ọmọ?” ló pariwo. “Ìyá ọmọ nìkan ni kó wọlé o. N kò gba ẹlòmíràn.”

Aránṣọ dìde. Ó fẹnu ko ọmọ rẹ̀ lórí, ó rọra gbé e lé ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì fa ọwọ́ sẹ́yìn kó tó lè yí ọkàn padà.

“Àwọn nìyí,” ó wí.

Awakọ̀ wo ìyá náà, ó wo irun orí rẹ̀ tó funfun, ó wo ọ̀pá rẹ̀. “Màmá yìí ló bí ọmọ yìí?”

Nọ́ọ̀sì ń ká téèpù rẹ̀. Ó ká a tán, ó tú u, ó tún ń ká a. Baba Onífèrè la ẹnu.

“Òun ni ìyá ẹ̀,” ni Ìyá Oníyọ̀ wí láti orí bẹ́ǹṣì, kò gbójú kúrò lára ẹsẹ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀. “Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Òun ló ń bọ́ ọ.”

Baba Onífèrè pa ẹnu dé.

Awakọ̀ wo nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n mú ìyá náà dìde, wọ́n gbé e jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ láyà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀lé ara. Ó di aránṣọ lọ́wọ́ mú.

“Ìwọ, kí ni ìwọ máa jẹ?”

“Ẹ wọlé, Màmá.”

Aránṣọ tẹ̀ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ kan wọlé fún un, ó sì gbé èkejì. Wọ́n wúwo ju bó ṣe rò lọ.